Bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìwà kò fi ní bàjẹ́

Tábúlẹ́ẹ̀tì méjìlá ni wọ́n gbé wá sí kíláàsì mi lọ́jọ́ náà, ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló sì jókòó tí wọ́n ń wò mí. Mo rò pé ayọ̀ ni mo gbé wọlé. Kí n tó pín ìkẹrin, ọmọ méjì ti dìrọ̀ mọ́ ẹyọ kan, ọ̀kan ń sunkún nídìí fèrèsé pé wọn ò pe òun. Ọmọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju tàwọn yòókù lọ ti ya àwòrán ẹni tó ń sunkún, ó ń fi í han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

Mo kó gbogbo ẹ̀rọ padà sínú páálí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ni pé ìwà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń gbé síta, tí á wá fún un ní ẹsẹ̀ tó fi ń sáré. Ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíì nídìí ẹ̀rọ omi, kò lè ṣàdédé mọ̀ ọ́n nídìí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀gá ilé ìwé ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi bọ́tìnì tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ.

1. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe

Nínú ìwé ètò iṣẹ́ yín, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: “Lónìí, ẹ̀rọ yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ lè…” kí ẹ sì parí rẹ̀. Bí kò bá ṣe é parí, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sùn sínú páálí rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àròpọ̀ nílò òkúta wẹ́wẹ́ tó lè fọwọ́ kó. Àwòrán òkúta kò ní ìwúwo. Àmọ́ bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, òkúta ò lè fi ìyẹn hàn án, fídíò ìṣẹ́jú méjì sì lè ṣe é. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, kó gbọ́ ibi tó ti kọsẹ̀, kó tún un kà láìsí ẹni tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Kò ná wa ní dátà kankan. Ìròyìn tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 2023 lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ nínú ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí ọmọ kọ́ ló yẹ ká máa wò, kì í ṣe iye ẹ̀rọ tí a rà, àti pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ gba ipò olùkọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ ṣẹ̀dá nǹkan dípò kó kàn máa wòran, áàpù kan wà tó ń jẹ́ Scratch, èyí tí àwọn ará ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ á máa to àṣẹ lé ara wọn bí ẹní to búlọ́ọ̀kù, títí àwòrán á fi máa rìn tí á máa sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ ọdún 8 sí 16 ni wọ́n ṣe é fún. ScratchJr wà fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7. Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò ti sí, ẹ wo áàpù Kolibri: wọ́n á kó ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà kan, àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí á sì máa rí i láti ibẹ̀.

2. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fẹnu ara wọn ṣòfin

Òfin tí ọ̀gá tẹ̀ sórí bébà tó sì lẹ̀ mọ́ ògiri, ògiri nìkan ló ń kà á. Ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ fi wà nínú páálí, mo bi àwọn ọmọ léèrè pé: “Kí ló dùn yín lọ́jọ́ yẹn?” Mo ń kọ ìdáhùn wọn sójú pátákó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà a jọ sọ ẹ̀dùn kọ̀ọ̀kan di òfin. Márùn-ún péré la mú, nítorí ọmọ ọdún méje kò lè rántí mẹ́rìnlá:

Má já ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Bèèrè kí o tó ya àwòrán ẹnikẹ́ni, bó bá ní rárá, rárá náà ni.
Ohun tí o kò lè sọ lójú ẹni, má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i.
Má wọ ibi tí orúkọ ẹlòmíì wà.
Bí o bá rí ohun tó bà ọ́ lẹ́rù, da ojú ẹ̀rọ délẹ̀ kí o pe olùkọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ wí.

Ìkarùn-ún yẹn ni kí ẹ di mú jù. Ọmọ tó bá ti jẹ ìyà nítorí ohun burúkú tó ṣèèṣì rí kò tún ní sọ fún yín mọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán burúkú lè jáde lójú ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ọmọ wá a. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó pè yín, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

A fẹ́ pa ìwé dé ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé tíṣà náà máa ń bèèrè kó tó ya àwòrán?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ níwájú.

3. Pínpín ẹ̀rọ: ibi tí iṣẹ́ gidi wà

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sọ pé ẹ̀rọ ò tó, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní tirẹ̀ ni nǹkan á dáa. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti rí kíláàsì tí olúkúlùkù ní tirẹ̀: ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó gbójú sókè wo ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rọ kan láàárín ọmọ mẹ́ta máa ń mú kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n jiyàn, kí wọ́n sì gbà fún ara wọn. Ohun tó kù ni kí ìyípo náà ní ètò.

Ẹ pín wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oyè. Ọwọ́ nìkan ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ẹnu ló ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ, tó sì ń sọ ohun tí wọ́n á ṣe. Bírò ló ń kọ èsì sínú ìwé. Òfin ńlá tó wà láàárín wọn ni pé Ọwọ́ kì í ṣe ohun tí Ẹnu kò bá sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méje, agogo á dún, oyè á sì yí. Ìyípo mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Nínú iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú, àyè ṣì wà láti ṣàlàyé níbẹ̀rẹ̀ àti láti gbọ́ ohun tí Bírò kọ lẹ́yìn náà. Ní ti ọmọ mẹ́tàdínlógójì mi, ẹnì kan ṣẹ́kù, òun ló ń di agogo mú lọ́jọ́ náà. Ẹ má rò pé ìyà ni o. Oyè agogo ni wọ́n ń du jù.

Wàhálà méjì máa ń yọjú. Àkọ́kọ́ ni ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, tí ìka rẹ̀ kì í gbọ́ran. Ẹ fi í ṣe Ẹnu, kí ó ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Á kọ́ bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ láìkanra, ìyẹn sì le ju títẹ bọ́tìnì lọ fíìfíì. Ìkejì ni ọmọ tí ojú ń tì, tó máa ń ti ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì nígbàkúùgbà tó bá kàn án. Ẹ má pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tó dájú pé yóò ṣe yọrí.

Ọmọ tí kò ríran dáadáa, ẹ mú lẹ́tà tóbi sí i nínú ètò ẹ̀rọ, kí ẹ sì gbé e jókòó kúrò níbi tí oòrùn ti ń tàn sójú ẹ̀rọ. Fún èyí tí kò gbọ́ dáadáa, ẹ wá fídíò tó ní ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ kéde rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì pé nítorí lágbájá ni.

Ẹ má sì bèèrè láé níwájú ọmọ ẹlòmíì pé: “Ta ló ní kọ̀ǹpútà nílé?” Ìbéèrè yẹn ń pín kíláàsì sí méjì lójú ẹsẹ̀. Ní 2020 tí àrùn COVID-19 ti ilé ìwé pa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ káàkiri ayé ló wà nílé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ní ẹ̀rọ ń bá ẹ̀kọ́ lọ, àìmọye ọmọ sì jókòó lásán. Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá tó bá nílò ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìkejì tó ṣe é fi bébà ṣe, kí máàkì méjèèjì sì dọ́gba. Bí ẹ kò bá lè rí ìkejì, ilé ìwé ni kí wọ́n ti ṣe é.

4. Pásíwọ́ọ̀dù, orúkọ àti ọjọ́ orí

Ẹ bá àwọn ọmọ kéékèèké tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù wọn sínú ìwé tí ẹ ń tì mọ́ inú àpótí. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè, ẹ kọ́ wọn láti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bá ara tan ṣe é, bí “àkàbà, òjò, ìlù”. Ó gùn, ó rọrùn láti rántí, ó sì ṣòro fún ẹlòmíì láti mọ̀. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí kò dára, ọ̀rẹ́ wọn gbogbo ló mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí jíjáde nínú áàpù di bárakú bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn, nítorí àwàdà tó máa ń dìjà jù láàárín àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ni kí ẹnì kan fi orúkọ ẹlòmíì tó ṣí sílẹ̀ kọ ìsọkúsọ.

Ní ti gúrúpù: ẹ má ṣe dá gúrúpù WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kó dà bíi pé ó máa rọrùn tó. WhatsApp, Facebook, Instagram àti TikTok kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 13 dá ṣí àkáǹtì fúnra rẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Ní Amẹ́ríkà, òfin COPPA ti 1998 sọ pé àṣẹ òbí gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. GDPR, òfin Yúróòpù lórí ìsọfúnni ẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, fi ọjọ́ orí náà sí 16, ó sì gba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti sọ ọ́ kalẹ̀ dé 13. Ẹ wo èyí tó wà ní orílẹ̀-èdè yín kí ẹ tó forúkọ ọmọ kankan sílẹ̀ lórí áàpù ẹ̀kọ́.

5. Àwòrán ọmọ

Èmi gan-an ni mo ṣẹ̀ níbí. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó fẹ́ di ọ̀gá ológun kọ ọ́ pé: “Mo fẹ́ di ọ̀gá ológbò.” Ẹ̀rín pa mí. Mo ya àwòrán ojú ewé náà, orúkọ rẹ̀ wà lókè gàdàgbà, mo sì fi í sínú gúrúpù àwọn òbí. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín, wọ́n fi han àwọn ọmọ wọn, àwọn kan tún fi ránṣẹ́ síta. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, ìró ológbò ni wọ́n fi pàdé ọmọ yẹn lẹ́nu géètì.

Fún nǹkan bí oṣù kan, ìwé òfìfo ló ń fi sílẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ara rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú kíláàsì, mo sì tọrọ àforíjì nínú gúrúpù tí mo ti fi àwòrán náà sí. Àwòrán fúnra rẹ̀ ti dé ibi tí ọwọ́ mi ò lè tó. Ìdí rèé tí n kò fi rí èsì fọ̀ nígbà tí ọmọbìnrin yẹn bi mí ní ìbéèrè.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ilé ìwé ń fún òbí ní fọ́ọ̀mù tó pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ṣé a lè ya ọmọ yín fún lílò inú kíláàsì? Ṣé a lè fi í han àwọn òbí yòókù? Ṣé a lè gbé e síta fún aráyé? Òbí lè sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan kó sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí èkejì, ó sì lè yí ọkàn padà. Lẹ́yìn àṣẹ òbí, mo tún ń bi ọmọ náà léèrè kí n tó ya á. Ọmọ náà ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀: ó wà nínú abala 16 Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 1989, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó àdéhùn yẹn sì ṣàlàyé ní 2021 pé ó kan ayé íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

A kì í ya ọmọ tó ń sunkún, tó fara pa, tàbí tó ń jìyà. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sábẹ́ àwòrán tó ti wọ aṣọ ilé ìwé. Kí ẹ sì lọ sínú ètò kámẹ́rà fóònù, kí ẹ pa ohun tó ń kọ ibi tí ẹ wà sára àwòrán.

6. Gúrúpù àwọn òbí

Àgbà ló ń ba gúrúpù jẹ́, àwọn ọmọ sì ń rí wa. Ẹ kọ òfin rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo kíláàsì nìkan, a kì í dárúkọ ọmọ kankan pé ó ṣe báyìí, a kì í pín ìròyìn tí a kò mọ orísun rẹ̀ kiri, a kì í kọ̀wé lẹ́yìn aago méje alẹ́. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ìpè ni. Ẹ yan olùkọ́ kan àti òbí kan láti máa bójú tó o. (Bó bá jẹ́ tèmi ni, ohùn tí a gbà sílẹ̀ tó gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ kò ní wọlé.)

Ọjọ́ kan á wà tí òbí á fi ìbínú kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí yín níwájú gbogbo èèyàn. Ẹ má dá a lóhùn bó ṣe kọ ọ́. Ẹ kọ nǹkan bí èyí: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mo ti rí ọ̀rọ̀ yín, ẹ má bínú pé inú yín bàjẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín kí n lè lóye rẹ̀ dáadáa. Ṣé mo lè pè yín báyìí, àbí kí a rí ara wa ní ilé ìwé lọ́la?” Lẹ́yìn náà kí ẹ pè é lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́rin, ohùn èèyàn á ti rọlẹ̀ kí ẹ tó kí ara yín tán.

7. Bí ẹnì kan bá ti pa ẹnì kan lára

Ọmọ kan á bú ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n á fi àwòrán rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á kó ara wọn jọ lé e jáde nínú eré. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ náà kó tó di pé wọ́n pa á rẹ́, kí ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ fi í han ọ̀gá ilé ìwé nìkan.

Ohun kan wà tí ìlànà yẹn kò kàn o. Bó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò ọmọ, tàbí àgbàlagbà kan tó ń bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ẹ má ya irú àwòrán ìhòòhò bẹ́ẹ̀, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọ̀gá yín. Ẹ gba ẹ̀rọ náà, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, kí ilé ìwé sì pe ọlọ́pàá tàbí àwọn tí ìjọba yàn fún ààbò ọmọdé. Ẹ má gbìyànjú láti ṣe ìwádìí fúnra yín.

Ní ti èébú ojoojúmọ́, ẹ pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ni ọ̀rọ̀ náà dùn? Kí lo máa ṣe láti tún un ṣe? Ẹ fún ìkẹta ní àkókò. Bó bá máa di ọ̀la kó tó dáhùn, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Ẹ̀bẹ̀ tí a fipá gbà níwájú gbogbo ilé ìwé máa ń bí ìkùnsínú. Kí ẹ̀bẹ̀ tọ ibi tí èébú gbà ni. Bó bá jẹ́ ẹni mẹ́ta ló rí èébú náà, kí àwọn mẹ́ta náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Àwọn tó kàn rẹ́rìn-ín náà ní tiwọn láti sọ.

8. Ara àti bátìrì

Kíákíá ni mo fẹ́ gba ibí kọjá. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú nídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n gbójú sí ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Agogo ìyípo lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi ara ṣe eré fún wákàtí kan ó kéré tán lójúmọ́, nítorí náà, ẹ má fi ìsinmi ọ̀sán ṣe àkókò tábúlẹ́ẹ̀tì láé, kódà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ẹ kìlọ̀ fún òbí pé kí fóònù má sùn ní yàrá ọmọ. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́.

Ẹ ṣájì ẹ̀rọ lójú ọ̀sán, lórí tábìlì líle, níbi tí èèyàn wà. Ẹ̀rọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti wú, bátìrì rẹ̀ ti bàjẹ́: ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ gbé e kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Kí ẹ ka ẹ̀rọ kí àwọn ọmọ tó jáde, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán.

9. Ẹ padà sórí òfin náà

Ní òpin táàmù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń gbé bébà òfin wá, mo sì máa ń bi àwọn ọmọ pé èwo ni kí a yọ, kí ni kí a fi sí i. Ní táàmù kejì, wọ́n ní kí a yọ “Má já ẹ̀rọ gbà” kúrò, pé ta ló tún ń já ẹ̀rọ gbà? Mo yọ ọ́. Ọmọ tó fẹ́ di ológun nígbà kan ló dìde dábàá èyí tó rọ́pò rẹ̀, gbogbo kíláàsì sì pàtẹ́wọ́ fún un: “Tíṣà, bí a bá ń bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀.” Ó ṣì wà lójú ògiri wa.